Ẹ̀kọ́ nípa ewéko lókè òkun: ta ló mọ ọ̀nà tí kò ní gbà mí lówó?

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Plant Biology ni mo kà ní Yunifásítì Ìlọrin, second class upper, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Mo fẹ́ tẹ̀ síwájú lókè òkun, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ní kí n yà sí Public Health, wọ́n ní ta ló ń fi ewé jẹun. Éjẹ́ǹtì kan sì ní kí n wá san owó MSc ní Ìlú Ọba. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Ìyá Ẹ̀fọ́, Amẹ́ríkà
Àbúrò, má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Níbí, ẹni tó ní BSc lè wọ PhD tààrà. Ẹ̀ka tó bá gbà ọ́ ló máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, á tún máa fún ọ lówó oṣù, torí pé wàá máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní láàbù tàbí kí o máa ṣe ìwádìí fún ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ. Owó ọ̀hún ò pọ̀. Á gbọ́ bùkátà rẹ, kò lè gbọ́ ti ẹbí. PhD tó bá ní kí o fi owó ara rẹ wá, sá fún un.

Má wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe ni kí o wá kàn. Kọ ímeèlì sí i ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń ti fọ́ọ̀mù, fún ẹni tí yóò wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún kejì. Kó kúrú. Má kàn yìn ín kí o sì dákẹ́. Ka iṣẹ́ kan tó gbé jáde láìpẹ́, bi í ní ìbéèrè gidi kan lórí rẹ̀, kí o wá béèrè bóyá yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yìí, àti bóyá owó wà nílẹ̀. Bí kò bá fèsì, rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí o kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Owó fọ́ọ̀mù náà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́ fún ọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ni kò sì béèrè GRE, ìdánwò ìwọlé yẹn, mọ́.

Bàbá Ìbejì, Norwich
Òótọ́ lẹ sọ, ìyá wa. Ìlú Ọba yàtọ̀ ní tirẹ̀: MSc ọdún kan, owó gọbọi, àfi bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bíi Commonwealth tàbí Chevening bá gbé e. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó wá ṣe irú MSc bẹ́ẹ̀ kò lè kó ìyàwó àtọmọ wá mọ́. Ẹni tó wá ṣe PhD ṣì lè kó wọn wá.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé dídá ewéko mọ̀ lójú lo fẹ́, wo Biodiversity and Taxonomy of Plants ní Edinburgh, tí yunifásítì àti Royal Botanic Garden ibẹ̀ jọ ń ṣe. Ewéko gbígbẹ tó wà ní herbarium (ibi ìtọ́jú ewéko gbígbẹ) Kew ní Lọ́ńdọ̀nù tó mílíọ̀nù méje, tiwa náà sì wà nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Gbogbo ayé ló ń sáré tọ DNA, ṣùgbọ́n má fojú kéré iṣẹ́ ewé gbígbẹ. Bí o bá ti fi ìwé ìròyìn tẹ ewé gbẹ rí, tí o kọ ọjọ́, ibi tí o ti já a àti orúkọ rẹ̀ sí i, iṣẹ́ ni, fi sínú CV.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀wà ni mo fi ṣe project. Ṣé kí n di irúgbìn díẹ̀ sínú báàgì bí mo bá ń bọ̀? Mo sì rí i pé Arabidopsis ni gbogbo wọn ń lò. Èmi ò fojú kàn án rí.

Ìyá Ẹ̀fọ́, Amẹ́ríkà
Háà! Má dán an wò. Irúgbìn láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba wa tó ń yẹ irúgbìn àti ẹran wò, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé ọ. Kí lo tiẹ̀ fẹ́ gbé e fún? IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ló ní àkójọ irúgbìn ẹ̀wà tó tóbi jù láyé, ó lé ní oríṣi 15,000. Ìjọba Amẹ́ríkà náà ń tọ́jú ẹ̀wà sí Griffin ní Georgia. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ á kọ̀wé béèrè.

Arabidopsis ò le. Ewéko kékeré ni, mọ̀lẹ́bí kábéèjì, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé láti hóró dé hóró kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, òun sì ni ewéko àkọ́kọ́ tí wọ́n ka gbogbo jíìnì rẹ̀ tán, ní ọdún 2000. Wàá rẹ hóró rẹ̀ sínú omi, wàá fi sínú fíríìjì fún ọjọ́ mélòó kan kó lè hù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kíá lo máa mọ ìyẹn.

Ohun tó yẹ kí o kọ́ kí o tó dé ni R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí. Ọ̀fẹ́ ni, àti ẹni tó ń ṣe jíìnì àti ẹni tó ń ṣe igbó, gbogbo wọn ló ń lò ó.

Bàbá Ìbejì, Norwich
Kí n tún bi ìyá wa: ṣé àbúrò wa lè ṣiṣẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀?

Ìyá Ẹ̀fọ́, Amẹ́ríkà
Rárá o. Físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, gba iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nínú ọgbà nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ìkọ́ni yẹn nìkan ló sábà máa ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ewéko ò sì mọ ọjọ́ Sunday, ẹ bá mi bẹ pásítọ̀. Tó bá parí, kó mọ̀ pé ọmọ ìlú ni iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń wà fún. Iléeṣẹ́ irúgbìn àti plant breeding ni kó kọjú sí. Sọ fún wọn nílé pé ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ, ewéko ni.

Bàbá Ìbejì, Norwich
Béèrè transcript rẹ báyìí o, má dúró de oṣù kọkànlá. Kí o sì gbé ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn síbí kí o tó fi ránṣẹ́, ká bá ọ gé e kúrú.