Ta ni dókítà ń ṣiṣẹ́ fún: aláìsàn ni àbí ẹni tó ń sanwó?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí bàbá mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó bá wọn lára mu, kí dókítà tó fi òmíràn tó jẹ́ tuntun, tó sì gbówó lórí gan-an, rọ́pò rẹ̀. Kàlẹ́ńdà orí tábìlì dókítà náà àti gègé tó fi ń kọ̀wé ló ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn tuntun yìí lára. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, nítorí ó lè jẹ́ pé oògùn náà dára jù lóòótọ́. Ǹjẹ́ ẹ̀rí wà pé irú ẹ̀bùn kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń nípa lórí ohun tí dókítà ń kọ fún aláìsàn, àbí ìfura lásán ni? Bákan náà, ilé-ìwòsàn ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùdókòòwò. Ṣé ó yẹ kí ìyẹn kan aláìsàn?

Èsì kìíní (apòògùn)

Ẹ̀rí wà, ó sì pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ dókítà ṣe fẹ́ gbà lọ. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2010 pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ oògùn máa kéde ohun tí wọ́n bá fún dókítà, àkọsílẹ̀ náà sì ti wà níta fún gbogbo ènìyàn láti 2014. Ní 2016, àwọn olùwádìí lo àkọsílẹ̀ yìí láti yẹ ọ̀rọ̀ dókítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 280,000 wò lórí oògùn mẹ́rin. Oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n gbà, iye rẹ̀ ní ìpíndọ́gba kò sì tó 20 dọ́là. Síbẹ̀, àwọn tó jẹun lẹ́ẹ̀kan péré níbi tí wọ́n ti ń polówó oògùn kan kọ oògùn náà ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, bí oúnjẹ sì ṣe ń pọ̀ sí i ni kíkọ oògùn náà ń pọ̀ sí i. Lóòótọ́, èyí kò fi hàn pé oúnjẹ ló fà á, torí aṣojú ilé-iṣẹ́ lè fẹ́ràn láti bá ẹni tó ti nífẹ̀ẹ́ ọjà rẹ̀ jókòó. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí oníṣòwò tó ń bọ́ ènìyàn lọ́dọọdún láìrí èrè níbẹ̀. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì.

Èyí tó burú ju ẹ̀bùn lọ ni ẹ̀kọ́ èké. Purdue Pharma, ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Amẹ́ríkà, gbé OxyContin, oògùn ìrora líle kan, jáde ní 1996, wọ́n sì jẹ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́ ní 2007 pé àwọn ṣi dókítà lọ́nà lórí bí oògùn náà ṣe lè di bárakú tó. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà tó kọ ọ́ kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kankan. Wọ́n gba ohun tí wọ́n kọ́ wọn gbọ́ ni.

Èsì kejì (dókítà)

Mo gbà pẹ̀lú apòògùn wa, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì yẹn ló yẹ kó ká wa lára jù. Kò sí ọ̀gá tó máa wọlé wá sọ fún mi pé kí n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ní òpin oṣù, wọ́n á fi iye aláìsàn tí mo rí àti iye àyẹ̀wò tí mo ní kí wọ́n ṣe hàn mí, pẹ̀lú ipò mi láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ọ̀pọ̀ ìpinnu ìṣègùn ló jẹ́ pé bí a bá ṣe é, kò burú, bí a kò bá sì ṣe é, kò burú: bóyá kí a ya fọ́tò eegun ẹ̀yìn lónìí tàbí kí a dúró díẹ̀ ná, bóyá kí a dá aláìsàn dúró mọ́jú tàbí kí ó máa lọ sílé. Ibi tí kò dáni lójú yìí gan-an ni owó ti ń rí àyè wọlé. Bí wọ́n bá ń san owó fún mi lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ á máa pọ̀. Bí wọ́n bá ń san iye kan pàtó lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ìtọ́jú á máa kéré. Kò sí ìlànà owó sísan tí kò fa dókítà síbì kan.

Ní ti àwọn olùdókòòwò, wọ́n sábà máa ń yá owó láti fi ra ilé-ìwòsàn, gbèsè náà á sì wà lọ́rùn ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀, débi pé nígbà mìíràn wọ́n á ta ilé àti ilẹ̀ rẹ̀, á wá máa san háyà lórí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tó yá jù láti gé owó kù ni iye nọ́ọ̀sì. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2023 fi ilé-ìwòsàn 51 tí irú àwọn olùdókòòwò bẹ́ẹ̀ rà wé 259 tí wọn kò rà. Ìjàǹbá tó ń bá aláìsàn nínú ilé-ìwòsàn, bí ìṣubú àti àkóràn láti ojú páìpù inú iṣan ẹ̀jẹ̀, fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé ní àwọn tí wọ́n rà, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn yòókù.

Èsì kẹta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé owó ilé-iṣẹ́ ò ṣe rere kankan. Àwọn ló ń náwó lórí èyí tó pọ̀ nínú ìdánwò oògùn tuntun, dókítà tó sì ń gba owó oṣù ìjọba náà lè ṣe ìmẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ti kéde owó náà, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ pinnu.

Dókítà

Ẹ wí òótọ́ lórí ìdánwò oògùn. Àmọ́ aláìsàn tí èémí ń gbé kò ráyè wá orúkọ dókítà rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Ìkéde wúlò fún olùwádìí àti oníròyìn jù.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Báwo ni mo ṣe lè béèrè láìdójú ti dókítà náà?

Dókítà

Ẹ má dárúkọ kàlẹ́ńdà rárá. Ẹ bi í pé: kí ni oògùn ti tẹ́lẹ̀ kò ṣe fún bàbá tí tuntun yìí yóò ṣe? Ṣé èyí tó jọ ọ́, tó sì dínwó, wà? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá padà sí ti àtijọ́? Ẹni tó bá ní ìdí á sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì. Bí kò bá rí ìdí sọ, ẹ gba èrò dókítà mìíràn, ṣùgbọ́n kí bàbá má dá oògùn dúró fúnra wọn títí dìgbà náà.