Ẹ bá mi wá orúkọ fún irú ìgbéyàwó yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Mò ń kọ àròkọ nípa Lucifer the Light-Bearer, ìwé ìròyìn tí Moses Harman ń tẹ̀ ní Valley Falls, ní Kansas, l'Amẹ́ríkà, tó ń bá òfin ìgbéyàwó jà pé ó sọ aya di ẹrú ọkọ.

Ní Sẹ́tẹ́ńbà 1886, Lillian ọmọ Harman, ọmọ ọdún 16, àti Edwin Walker tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn náà fẹ́ra láìgba ìwé àṣẹ, láìsí àlùfáà tàbí adájọ́. Lillian ò gba orúkọ ọkọ. Bàbá rẹ̀ ní òun ò ní fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó máa ṣe olówó orí ara rẹ̀. (Ẹ ronú kan bàbá ìyàwó tó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú alága ìjókòó!) Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi tọkọtaya náà sí.

"Autonomistic marriage" (ìgbéyàwó tí kálukú ti ń darí ara rẹ̀) ni àwọn ará ìwé ìròyìn náà pe irú ìgbéyàwó yìí. Mo kọ "ìgbéyàwó òmìnira", ó dún bí ayẹyẹ ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá. "Ìgbéyàwó aláìníwèé" ńkọ́? Ìdajì ìgbéyàwó àdúgbò mi ni kò níwèé. "Ìgbéyàwó àdáṣe" ni mo fẹ́ mú, àfi pé àbúrò mi ní àdáṣe ní í hunni. "Ìbágbé lásán" sì bú wọn, torí wọ́n ní tọkọtaya làwọn.

Ọ̀rọ̀ wo lẹ máa lò fún ìgbéyàwó táwọn méjì fi ẹnu ara wọn so, tí ẹnìkan ò ni ẹnìkejì, tí kò sì ní dún bí ìṣekúṣe?