Géètì mi ti jó pọ̀: ẹ̀rọ ò bàjẹ́ rárá

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ẹ rántí géètì mi ní Ìkòròdú tí mo bi yín léèrè nípa rẹ̀, tí mo ń fi ẹ̀rọ ìjórin (wẹ́dìǹgì) jó pọ̀, tí irin ìjórin ń lẹ̀ mọ́, tí ojú ibi tí mo jó sì ń rí jágajàga, tí mo fi rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́? Orí ìpẹtà àti ọ̀dà ni mo há kílámpù earth, èyí tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ, sí! Bàbá wẹ́dà kan ní Ìgbógbó ló ní kí n ha ibẹ̀ títí yóò fi dán. Irin ìjórin náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní E6013, tó nípọn tó mìlímítà 2.5, sì ti fa omi òjò. Mo ra páálí tuntun, mo gbé iná láti 60 sí 80 ampù, irin náà sì ń ṣàn wẹ́rẹ́. Ẹni tó ní kí n fi páìpù oní-síńkì kọ́ṣẹ́, ẹ má bínú, èéfín rẹ̀ ń dá ibà síni lára. Géètì ti dúró, ó kàn wọ́ díẹ̀. Ẹ ṣeun o.