Àtadágúnwá ni, kì í ṣe àfadágúnfà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa kan mú ọ̀rọ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá fún irú òjò dídì tó máa ń rọ̀ létí àwọn adágún ńláńlá Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní "lake-effect snow" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí á máa pè é ní "yìnyín àfadágúnfà". Mo rí i pé àwọn kan ti ń yìn wọ́n, ẹnì kan tiẹ̀ ti ní kí á kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Oswego ni mò ń gbé, létí adágún Ontario, ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ohun tí a ń wí yìí ti ń bo ilẹ̀ lọ́dọọdún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, orúkọ tí a ó bá sì fún un kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ èébú.

Ẹ tún un pè kí ẹ gbọ́ ọ: àfadágúnfà. Ara àfọwọ́fà ni wọ́n ti fà á yọ. Ta ló ti gbọ́ àfọwọ́fà ire rí? Ìyà ni àfọwọ́fà, ẹjọ́ ni, gbèsè ni. Bí bàbá mi bá ti la ẹnu sọ pé "àfọwọ́fà ni", ẹni tí wọ́n ń bá wí ti mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò bá òun gbé ẹrù náà. "Fà" tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò fi àfojúsùn dá mi lóhùn, pé ohun rere ni ìyẹn. "Sùn" ló gbẹ̀yìn ìyẹn, kì í ṣe "fà".

Yàtọ̀ sí èyí, adágún kò fa nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ tútù ló ń ti ìhà Kánádà wá, tó ń gba orí omi kọjá nígbà tí omi ṣì ní ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nínú. Afẹ́fẹ́ yìí a gba ooru, a gba ọ̀rinrin, a ru sókè, a di ìkùukùu. Bó bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté lọ́dọ̀ wa, a da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wá dé àwọn òkè Tug Hill tó wà lẹ́yìn wa, ó tún le sí i: ní oṣù Kejì ọdún 2007, ínǹṣì 141 ni wọ́n wọ̀n ní Redfield nínú ìjì kan ṣoṣo. Adágún Erie kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 210 lọ, nítorí náà ó máa ń dì, bó bá sì ti dì, òjò dídì tirẹ̀ a dín kù. Tiwa jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 802, kì í sábà dì. Títí ọ̀gìnnìtìn yóò fi lọ ló ń ta wá lọ́rẹ.

Mo sọ pé ó ń ta wá lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe ní in lọ́kàn. Àwọn àgbà wa ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Èyí ní ọ̀rẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń rìn, bí ọ̀já. Ó lè bo Oswego mọ́lẹ̀ kí oòrùn máa ràn ní ìlú tó kàn wá. (Nílé wa, kìnnìún ló ń bímọ bí òjò àti oòrùn bá pàdé. Ẹni tó kọ̀wé níjọ́sí pé ẹkùn ni, ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀?) Ìgbà mìíràn àrá máa ń sán láàárín rẹ̀. Ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́. Àwa a dúró lójú fèrèsé, a máa wo méjèèjì.

Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, ínǹṣì 102 ló rọ̀ sí ìlú yìí láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ẹ bi àwọn àgbà ibí, ẹ ó rí i bí ojú wọn yóò ṣe dán. Wọn kò sọ ọ́ bí ẹni ń sọ àjálù. Bó bá rọ̀ mọ́jú báyìí, ìró ọkọ̀ a pòórá ní gbogbo àdúgbò. Ìró ṣọ́bìrì lẹ́ ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn aládùúgbò tó ń béèrè bóyá ẹ ti rí ọ̀nà jáde. Bí òtútù bá mú dáadáa, òjò dídì a máa ké kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lábẹ́ bàtà. Àwọn ọmọdé a máa yọ̀ láti orí òkè wá sísàlẹ̀, àwọn òbí wọn náà kì í gbẹ́yìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé lọ́ọ̀ọ́kán mi a ní "ẹ kú òjò o!", èmi náà a dáhùn. Ta ni yóò kí ọmọnìkejì rẹ̀ ní "ẹ kú àfadágúnfà"?

Ọ̀rọ̀ tèmi ni àtadágúnwá. Òjò dídì àtadágúnwá. Àtọ̀runwá ló jọ, ẹ̀bùn sì ni a fi ń mọ àtọ̀runwá. Ó jọ àtọ̀húnrìnwá náà, àlejò nìyẹn, kò sì burú, nítorí orí omi ló ti ń bọ̀ wá kí wa. Ẹni tó ní kí á gbé ohùn àkọ́kọ́ sókè díẹ̀ kó di "atadágúnwá", bí apẹja, kò gbọ́ mi yé. Apẹja ń pẹja. Òjò dídì kò ṣe iṣẹ́ kankan, ó kàn ti ibẹ̀ wá ni. Ohùn ìsàlẹ̀ ni àtọ̀runwá ní, òun náà ni kí á fún èyí.

Ọ̀rọ̀ yìnyín tí Ẹ̀gbọ́n fi ṣáájú àfadágúnfà ńkọ́? Ìyá ìyá mi mọ yìnyín. Yìnyín máa ń lu páànù gbà-gbà-gbà, a sì máa ń gbé abọ́ jáde láti ṣa á jẹ. Òjò dídì kì í lu nǹkan kan, ó ń bà ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti ya méjèèjì sọ́tọ̀: ẹ ka Jóòbù 38:22, òjò dídì wà níbẹ̀, yìnyín sì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn àgbà tó ní àkọ́rọ̀, tó ní wẹliwẹli, tó ní ọ̀wààrà, tó ní àrọ̀ọ̀rọ̀dá, kò yẹ kí àwa ọmọ wọn máa da nǹkan pọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ̀wé láti Ìbàdàn ní kí ni a fẹ́ fi ohun tí kì í rọ̀ nílé wa ṣe. Àwọn ọmọ wa ń kàwé ní yunifásítì tó wà níbí, níbi tí Al Roker, ọmọ adúláwọ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ti kàwé. Ìlú yìí náà sì ti mọ aláwọ̀ dúdú tipẹ́: ní 1851, William Henry tí wọ́n ń pè ní Jerry, tó sá kúrò lóko ẹrú, tí àwọn èèyàn fi agbára gbà sílẹ̀ ní Syracuse, Oswego ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà. Àwọn tó ń gbé ibì kan ló yẹ kó sọ orúkọ ohun tó ń bẹ níbẹ̀.

Mo bẹ ẹni tó ń tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ wa kó yọ àfadágúnfà kúrò ná. Kí Ẹ̀gbọ́n wá gbólóhùn kan ṣoṣo wá, láti ẹnu àgbà, níbi tí àfọwọ́fà ti jẹ́ ohun rere. Bí wọ́n bá rí i, màá tún èsì kọ.