Òmìnira àbí ìṣe-tó-wuni?

Àbá kan wà nílẹ̀ pé bí a bá ń túmọ̀ “liberty” nínú On Liberty, ìwé tí John Stuart Mill, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1859, kí a pa “òmìnira” tì, kí a lo “ìṣe-tó-wuni”, nítorí pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1960 ni òmìnira ń rán ọ̀pọ̀ létí. Ìdí náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò ni n kò fara mọ́.

Lóòótọ́, Mill fúnra rẹ̀ fẹ́ gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan bá fẹ́ gba orí afárá tí kò dára mọ́ kọjá, tí kò sì sí àyè láti kìlọ̀ fún un, òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ẹnikẹ́ni lè dì í mú kó dá a padà, láìgba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé òmìnira ni kí ènìyàn ṣe ohun tó wù ú, kò sì wù ú kó já sódò. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ló ti sọ pé ibi tó yẹ kí agbára àwùjọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ni òun ń wá. Ìṣe-tó-wuni kò mẹ́nu ba àwùjọ rárá. Létí tèmi, bí ọ̀rọ̀ ọmọ aláìgbọràn ló ń dún. Òmìnira ní tirẹ̀, bí a bá ti pè é, ẹrú àti olówó rẹ̀ ti wá síni lọ́kàn. Mill tún kọ̀wé pé kì í ṣe òmìnira ni kí ènìyàn lè ta òmìnira ara rẹ̀ nù. Ẹ fi ìṣe-tó-wuni síbẹ̀ wò, gbólóhùn náà yóò dàrú, torí ẹni tó wù láti ta ara rẹ̀ sóko ẹrú ti ṣe ohun tó wù ú.

“Òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan” ni mo dábàá. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò kà á tí yóò rò pé orílẹ̀-èdè la ń wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà “man”, tí àwọn kan ń túmọ̀ sí ọkùnrin káàkiri. Ní 1867, nígbà tí Mill jẹ́ aṣòfin fún Westminster, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an kúrò nínú àbádòfin ìdìbò, kí wọ́n fi èyí tó túmọ̀ sí ènìyàn rọ́pò rẹ̀, kí obìnrin náà lè dìbò. 73 gbà, 196 kọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe ẹni orí afárá yẹn ní “ẹnì kan”.