Wọ́n pè wá sí ìpàdé lórí ìtọ́jú ọpọlọ: kí la máa bèèrè?

Aránṣọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe nítòsí Tákíè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn ọpọlọ, ara ti ń dá, mo ń ṣiṣẹ́ mi. Ilé ìwòsàn tí mo ń lọ ránṣẹ́ sí èmi àti àwọn mélòó kan pé àwọn fẹ́ tún ètò ìtọ́jú tò, kí àwa tí wọ́n ń tọ́jú wá sọ tẹnu wa. Inú mi dùn sí i gidi. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ká débẹ̀, kí wọ́n pín mínírà, kí wọ́n ya fọ́tò, kó sì jẹ́ pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pè wá.

Nítorí mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Abẹ́rẹ́ olóṣooṣù tí wọ́n kọ́kọ́ ń gún fún mi lé àwọn ohùn tí mo ń gbọ́ lọ lóòótọ́. Àmọ́ ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu mi sórí aṣọ oníbàárà, mi ò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Mo sọ ọ́, wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ pé mo ti ń rí oorun sùn. Lójú tiwọn, ara mi ti yá. Lójú tèmi, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Dókítà mìíràn ló wá bi mí pé, "Ìyá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Mo dá a lóhùn, ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó wò ó, ó sì pààrọ̀ oògùn. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ sínú káàdì gbogbo wa.

Bí wọ́n ṣe ń fi ariwo pe orúkọ wa láàárín èrò ní ilé ìwòsàn náà tún ń dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ̀yin náà fi tiyín kún un. Ẹ bèèrè owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ ọjọ́ náà, torí owó oṣù àwa tá a jókòó níbẹ̀ ń wọlé. Ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́. Tí dókítà bá ń da Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀, ẹ dá a dúró, kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Ẹ máà bínú o. Ìgbà tí nǹkan bá gbé àbúrò mi, kò lè sọ̀rọ̀ tó yéni. Àwa la ń dì í mú, àwa la ń ra oògùn. Ní Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, láti 1954, nígbà ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ẹbí ni wọ́n ní kó tẹ̀ lé aláìsàn wá gbé láàárín àwọn ará abúlé. Ẹ má yọ ẹbí sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin
Bàbá, ẹbí ní ààyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ láti lóhùn sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2007, tó sì fòǹtẹ̀ lù ní 2010, tún ní kí ìjọba máa bá wọn fikùn lukùn kí wọ́n tó ṣe òfin tàbí ètò tó kàn wọ́n. Ó kan àìlera ọpọlọ náà. Ẹ mẹ́nu bà á ní ìpàdé.

Aránṣọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé mi dìde nígbà tí mi ò mọ ara mi. Ṣùgbọ́n lónìí tí ara mi yá, tí dókítà bá bi mí ní nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣì ń dáhùn. Kí ẹbí ní àga tiwọn, kí àwa náà ní tiwa. Ẹ bi àbúrò yín nígbà tí ara bá yá a, kó sọ bó ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe òun bó bá tún dé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ìpàdé sí, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe jẹ́ ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń fi ọjọ́ oògùn sí. Màá pè wọ́n lọ́la pé kí wọ́n sún méjèèjì.