Ọjọ́ kẹrin oògùn ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège

Kíndìnrín ìyá mi ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí àìsàn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, àwọn nọ́ọ̀sì ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ cefepime, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn. Ọjọ́ kẹrin, ibà ti lọ, inú wa ti ń dùn. Àfi bí wọ́n ṣe pe orúkọ mi nírọ̀lẹ́, tí wọ́n tún un pè, tí wọ́n tún un pè, bí ẹni pé èmi kọ́ ló jókòó tì wọ́n. Ọwọ́ wọn á ṣàdédé fò sókè. Àbúrò mi ní rọpárọsẹ̀ ni, àwòrán ọpọlọ ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ ogbó ni. (Ìjà ni mo bá a jà. Ìyá tó ń ṣírò owó lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá?)

Dókítà tó wọṣẹ́ lálẹ́ ló ní ká gbé ìwé oògùn wá. Ó ní kíndìnrín ló yẹ kó máa da oògùn yẹn jáde sínú ìtọ̀; bí kò bá lè dà á jáde, á máa kó jọ, á sì dé ọpọlọ. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ wọn lórí, wọ́n rí i pé wárápá tí kò hàn síta ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n pààrọ̀ oògùn. Lọ́jọ́ kẹta, màmá bi mí pé ta ló ń wo ilé.

FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ lórí èyí láti 2012, pé kí wọ́n dín ìwọ̀n oògùn náà kù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀. Ìgbà tí mo kà á, inú bí mi gan-an.

— Àrẹ̀mọ

Ẹ kú ìfaradà o. Metronidazole (Flagyl) ni tèmi. Ọyún gbá jọ sínú ẹ̀dọ̀ mi, mo lò ó kọjá oṣù méjì. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, n ò ní mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n mi wúwo, mo wá ń rìn bí ọ̀mùtí. Ọ̀gá mi gbóòórùn ẹnu mi níbi iṣẹ́! Àwòrán MRI ló gbà mí: àmì méjì, ọ̀tún àti òsì, nínú ọpọlọ kékeré ẹ̀yìn orí. Bí mo ṣe dá a dúró, ọ̀rọ̀ mi já geere láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ ṣì ń ṣe mí yìnrìnyìnrìn.

— Ìyá Ìbejì

Oògùn ciprofloxacin ni tèmi, ọjọ́ kẹta péré. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó bí ẹni tẹ ẹyín iná. Wọ́n ní àròjù ni.

— Àdìó

Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ti ń ta mí ṣónṣó láti àná, mo sì wà lórí oògùn. Ṣé kí n jù ú nù ni?

— Àbíkẹ́

Má dá a jù nù, àbúrò. Pe ẹni tó kọ ọ́ fún ẹ lónìí yìí, kí o tó lo òmíràn. Orúkọ oògùn ọ̀hún ńkọ́, ọjọ́ mélòó lo sì ti ń lò ó?

— Àrẹ̀mọ